Ta Ló Ṣẹ́ Igi Tútù Wálé? Ọ̀rọ̀ Èéfín Ìlú Èkó

Ẹ wo aṣọ funfun yìí. Láàárọ̀ òní ni mo fi nu fèrèsé mi ní Múṣin. Ẹ wò ó dáadáa: ó dúdú bí ìdí ìkòkò! Jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ló wà lábẹ́ fèrèsé wa, tèmi náà wà níbẹ̀.

Ẹ bi ará Èkó pé ta ló ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kíá ló máa nawọ́ sí awakọ̀ dánfó. Ibẹ̀ gan-an la ti máa ń ṣì í! Ibi tí èéfín gbà jáde lẹ rí, ẹ ò tíì rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Ìkirè, bí èéfín bá kún ilé ìdáná, màmá kì í bínú sí ẹni tó ń rokà. Ohun tí wọ́n máa ń bi wá ni pé, "Ta ló ṣẹ́ igi tútù wálé?" Bí igi bá ti tutù, ẹni yòówù kó dáná, ojú rẹ̀ á ṣomi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá igi tútù Èkó.

Ta ló fẹ́ràn ariwo jẹnẹrétọ̀? Kò sí! Iná tí gbogbo Nàìjíríà ń pín, àwa tá a lé ní 200 mílíọ̀nù, nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì péré ni, kò tó wa rárá. Títí di oṣù kẹta ọdún 2023, ìwé òfin ilẹ̀ wa ò gbà kí ìpínlẹ̀ ṣètò iná tirẹ̀ níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ẹ gbọ́ mi o! Àbújá ló di kọ́kọ́rọ́ iná mú, ojú Èkó ló ń ṣomi. Wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe, àmọ́ ìbuwọ́lùwé ò tan gílóòbù.

Àpápá, níbi tí èbúté ọkọ̀ òkun wà, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ́ kí rélùwéè dẹnu kọlẹ̀, tí kọ̀ǹtéínà ń gba títì. Tírélà tò lọ súà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dísẹ̀lì ń jó, wọn ò sì kúrò lójú kan. Obìnrin tó ń ta omi láàárín wọn pọnmọ. Imú ọmọ yẹn bá ẹnu páìpù èéfín dọ́gba.

Báńkì Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí gba ẹ̀mí èèyàn bí 11,200 l'Ékòó. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ọmọdé ni wọ́n! Ọmọdé!

Ẹni tó lówó á gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ọgbà, á ti fèrèsé, á tan ẹ́sì. Ẹni tó wà ní yàrá kan ńkọ́?

Bí olóṣèlú bá kó ìrẹsì dé àdúgbò yín, ẹ fi aṣọ nu fèrèsé, kí ẹ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ẹ bi í pé: wákàtí mélòó ni iná máa wà níbí lójúmọ́?