Òkìtì Ẹrẹ̀ Tó Ń Sọ Ilẹ̀ Di Kíkan

Ẹ kú ìjókòó o. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, alága sì ti fi ìkíni jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ n wọnú ọ̀rọ̀.

Bí a bá ti dárúkọ Niger Delta, epo tó dà sílẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ẹ máa sọ ọ́. Ẹjọ́ ẹrẹ̀ lèmi wá rò. Láti ìgbà tí wọ́n ti kan epo ní Oloibiri lọ́dún 1956 ni àwọn ilé iṣẹ́ epo ti ń gbẹ́ kánààlì kí ẹ̀rọ wọn lè dé ìdí kànga epo. Ẹrẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde ńkọ́? Etí omi ni wọ́n dà á sí, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹnjiníà kan yóò ní, "Ẹrẹ̀ odò ló padà sétí odò, kí ló burú níbẹ̀?" Mo mọ̀ ọ́n, ìlà kejì ló jókòó sí. (Ẹ̀rín.) Ohun tó burú nìyí. Níbi tí omi òkun ti ń pàdé omi odò, lábẹ́ gbòǹgbò igi mangrove, bakitéríà máa ń fi imí-ọjọ́ inú omi òkun àti irin inú ẹrẹ̀ ṣe pyrite. Bí omi bá ṣì bò ó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ gbé e síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ásíìdì ló ń dà, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò. Pyrite kílò kan lè di ásíìdì tó ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Ẹrẹ̀ tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń le sí i) wà ní nǹkan bíi 7 á já wálẹ̀ kọjá 4. Ásíìdì náà á tú aluminium àti irin kúrò lára amọ̀, òjò á gbá wọn sómi, ẹja á kú, mangrove á gbẹ. Ẹ̀kán epo kan ò sí níbẹ̀ o! Ẹni tó wá yẹ ibẹ̀ wò kò gbóòórùn epo, ó kọ "kò séwu" sínú ìwé, ó lọ. Ariwo tí mò ń pa lọ́dọọdún nìyẹn; ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí, ẹ fara dà á.

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 wà, tó ní kí wọ́n yẹ ewu iṣẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ kánààlì ti wà ṣáájú rẹ̀. Ti gbígbin igi padà, ó di ọjọ́ mìíràn, alága ti ń wo aago.

Ìyá kan láti Ìlàjẹ wá nawọ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tiwa ń kọ́lé sórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀, torí òun ló ga ju omi lọ. Ibo lẹ ní ká kó lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló gba ìyókù àkókò wa. Ìyá mi, kì í ṣe gbogbo òkìtì ló ní ásíìdì. Iyanrìn funfun kì í sábà ní pyrite púpọ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ fura sí. Bó bá gbẹ tó yọ àbàwọ́n àwọ̀ ìyeyè, ásíìdì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òjò lè ti fọ ojú òkìtì tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbẹ́ inú rẹ̀, ẹ lè tún ta ásíìdì rẹ̀ jí. Ẹ má mu omi kànga tẹ́ ẹ gbẹ́ síbẹ̀ láìṣàyẹ̀wò. Ìkarahun ìsáwùrú tẹ́ ẹ ń dà nù, bẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná, ó ń pa ásíìdì, ó sì dára fún ebè ẹ̀fọ́. Ti odidi òkìtì kọjá agbára abúlé: pyrite kílò kan lè gba ìkarahun tó ju kílò kan àtààbọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́, kí wọ́n dá a padà sábẹ́ omi kó tó gbẹ.

Ẹnjiníà ìlà kejì ní ta ni yóò sanwó ìyẹn. Mo ní kó lọ bi ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀.