Ẹ Bi Aráàdúgbò Kí Àwòrán Ọgbà Ìgbafẹ́ Tó Parí

Ẹ̀yin òǹwòran, ilẹ̀ tí ẹ ń wò yìí gùn ní mítà 60, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 40. Ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò la fẹ́ fi ṣe. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ayàwòrán á ti parí iṣẹ́ kí wọ́n tó pe aráàdúgbò sípàdé. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Owó ti wọ àwòrán náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ tún un yà, ìbínú nìkan ni èèyàn á gbé lọlé. Ìgbà tí bébà ṣì ṣófo ló yẹ ká béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí kò ṣeé yí padà: páìpù omi tó gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, igi ńlá tí a ò ní gé, iye owó tó wà nílẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú ibẹ̀. Tí ẹ bá fi í pamọ́, wọ́n á fi wákàtí méjì béèrè ohun tí kò lè ṣeé ṣe, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹ má kàn bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́?" Ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ máa wá ṣe níbẹ̀? Ta lẹ máa mú dání? Aago mélòó?" Ẹni tó ní òun á máa jókòó wo ọmọ òun níbi eré ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti sọ ibi tí àga máa wà, ó sì ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ níbòji.

Èyí tó wá gbéṣẹ́ jù lọ rèé. Ẹ ya ilẹ̀ náà sórí bébà, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n kan náà: ibi ìṣeré ọmọdé, 10 sí 10, pápá bọ́ọ̀lù kékeré, 40 sí 20. Ẹ kó wọn fún èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ nídìí tábìlì kan, kí ẹ wá máa wo ọwọ́ wọn. Ẹnì kan á gbé pápá bọ́ọ̀lù lé e, á rí i pé ó ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀. Ẹlòmíì á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún dí ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, torí àwọn fúnra wọn ló ń pinnu ohun tí wọ́n lè yọ̀ǹda. Ẹ ya fọ́tò tábìlì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú u ká.

Tó bá jẹ́ sítíkà lẹ fi ń dìbò, mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú kọ́kọ́ kọ tiẹ̀ sórí ìwé, nítorí ẹni tó dé kẹ́yìn á kàn lẹ tiẹ̀ síbi tó ti pọ̀ ni.

Ìpàdé nìkan ò tó o. Ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé àti ibùdókọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí àti òpópónà tí kálukú ń gbé sílẹ̀, kí ẹ lè rí ẹni tí ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin la sábà máa ń gbàgbé. Ìlú Vienna rí i láwọn ọdún 1990 pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sọ́gbà mọ́ tí wọ́n bá ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, torí àwọn ọmọkùnrin ti gba àyè mọ́ wọn lọ́wọ́.

Láàárín oṣù kan, ẹ gbé pátákó ìdáhùn sétí ilẹ̀ náà: ohun tí wọ́n sọ, ohun tí a ṣe, ohun tí a ò ṣe àti ìdí rẹ̀. "A ò ṣe pápá bọ́ọ̀lù, torí yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀. A ri òpó gòólù kan mọ́ igun." Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè kà á láìdúró.