Ẹranko Tó Ṣì Lè Padà Sígbó Kì Í Ṣe Olùkọ́

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yún mi lẹ́nu láti ìjẹta, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Tíṣà kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ilé ìwé àwọn fẹ́ ṣe ọjọ́ ẹranko igbó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá akika kan, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án, ká ya fọ́tò díẹ̀." Mo ní rárá. Inú bí i. Ó ní ṣebí èmi náà ni mò ń pariwo pé ká máa fi ẹranko tí a gbà lọ́wọ́ ọdẹ kọ́ àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni, èmi ni. Àmọ́ ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í gan-an nìyẹn!

Ẹ ti rí akika rí. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ igi, bí mọ́tò bá ti ń bọ̀, wọ́n á nà án sókè. Ìpẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, kò léyín ẹyọ kan lẹ́nu. Èèrà àti ikán ló ń fi ahọ́n gígùn yẹn lá jẹ. Bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ká jọ bí òṣùká, yóò fi orí pamọ́ sínú ikùn. Kìnnìún á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, kò ní rí ibi tí yóò ti bù ú jẹ. Ṣùgbọ́n ènìyàn ńkọ́? Ènìyàn á kàn bẹ̀rẹ̀, á he é bí ẹni he àgbọn, á jù ú sápò.

Ó yá, ẹ gbé akika yẹn lọ sí kíláàsì. Ogójì ọmọ, ariwo gèè, iná fóònù ń kọ mànà. Akika á ká jọ. Àwọn ọmọ á ní, "Ẹ wò ó, ó ń ṣeré!"

Kò ṣeré o. Ẹ̀RÙ LÓ BÀ Á! Ó rò pé ikú dé ni. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú okùn, tí kò tíì jẹun láti ìjarùn-ún, ìpayà yẹn nìkan tó láti pa á. Kí ni àwọn ọmọ sì kọ́? Wọ́n kọ́ pé bí ẹ̀rù bá ń ba ẹranko, kí a máa rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẸRANKO TÓ BÁ ṢÌ LÈ PADÀ SÍGBÓ, Ẹ MÁ GBÉ E WÁ SÍWÁJÚ ỌMỌDÉ. Mo tún un sọ, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń fa fídíò yìí síwájú. Tó bá ṣì lè padà, ẹ fi í sílẹ̀! Bí ojú ẹranko bá ti mọ ènìyàn, bí ó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni oúnjẹ ti ń wá, lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọdẹ ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.

Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ṣé a máa ń kó ọmọ ilé ìwé lọ dúró yí i ká? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó ti jagun rí, tí ogun ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, tó jókòó sábẹ́ igi nílé, òun lè pìtàn ogun fún ọmọdé. Ogun ti kúrò lọ́rọ̀ tirẹ̀. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ là ń wá. Èyí tí kò lè padà mọ́.

Odídẹrẹ́, fún àpẹẹrẹ. Áà, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ níbí, torí ọmọ Ìwó ni mí. Ìlú odídẹrẹ́! Wọn ò lè ki wá kí wọ́n má dárúkọ ẹyẹ yẹn. Ìkóódẹ pupa rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe níyì tó lórí adé àti lórí babaláwo. Síbẹ̀, mo dàgbà títí mo fi kúrò nílé, mi ò fojú mi rí odídẹrẹ́ kan kó fò kọjá lójú ọ̀run Ìwó. Inú àgò ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nílé olówó kan. Ó ń dùn mí dòní.

Àtè ni wọ́n fi ń mú wọn. Wọ́n á fi àtè pa ẹ̀ka igi, ẹyẹ á bà lé e, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó mú un fi sáàsì gé ìyẹ́ apá rẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ó gé e kan egungun. Kò lè fò mọ́ láéláé. Odídẹrẹ́ sì máa ń pẹ́ láyé, òmíràn á lo ogójì ọdún lábẹ́ ìtọ́jú, nítorí náà iṣẹ́ tíṣà yìí ṣì kù fún un dáadáa.

Lọ́dún 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó àti oríṣi akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti ilẹ̀ kan lọ tà nílẹ̀ mìíràn. Ǹjẹ́ òfin yẹn mú un dúró? Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Singapore gba ìpẹ́ akika tó lé ní tọ́ọ̀nù 25, láti Nàìjíríà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Wọ́n ní yóò tó akika 38,000.

Ọmọdé ò ní mọ bí 38,000 ṣe pọ̀ tó. Ẹ má dà á láàmú. Ẹ ní kó fi ọwọ́ pa èékánná ara rẹ̀. Ó ti ṣe é? Ẹ wá sọ fún un pé ohun tó wà lára èékánná yẹn náà ló wà lára ìpẹ́ akika, kò sí ìyàtọ̀, síbẹ̀ àwọn kan ń rà á jẹ bí oògùn. Ọmọ kan dá mi lóhùn pé, "Kí wọ́n kúkú máa jẹ èékánná wọn!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ẹ ò rí i pé a ò gbé akika kankan wá? Bí wọ́n bá sì fẹ́ rí i, fídíò wà. Dókítà Mark Ofua, dókítà ẹranko l'Ékòó tó máa ń gba akika lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, ó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n fún ọmọdé. Ẹ̀rọ kámẹ́rà kan ṣoṣo ló dúró síwájú ẹranko, àìmọye ọmọ ló rí i. Ní Calabar, àjọ kan tó ń jẹ́ Pandrillus ti ń tọ́jú ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní drill láti 1991. Ènìyàn lè lọ wò wọ́n, ṣùgbọ́n wáyà wà láàárín.

Ó yá, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ odídẹrẹ́ yìí: ọwọ́ sẹ́yìn. ỌWỌ́ SẸ́YÌN, títí kan ọwọ́ tíṣà! Fóònù sí àpò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó.

Tíṣà tí mo ní ó bínú, ó padà kó àwọn ọmọ wá. Wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dákẹ́. Ẹyẹ náà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ojú kan wò wọ́n, ó kígbe, "Ẹ ra búrẹ́dì! Búrẹ́dì gbígbóná rè é o!" Ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì ni wọ́n so ó sí fún ọdún mélòó kan. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọbìnrin kékeré kan tó wà lẹ́yìn. Ó yíjú sí mi, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni àwọn tó wà nínú igbó ṣe máa ń ké?"