Wákàtí 4 Lọ́dọọdún: Ẹ̀kọ́ Dandan fún Àwọn Tó Ń Pinnu Lórí Ìlò Ilẹ̀ ní New York

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àwọn ará ìlú tí a yàn sínú ìgbìmọ̀ ètò ìlú àti ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí òfin ìlò ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe agbẹjọ́rò, síbẹ̀ ìbò wọn ló ń sọ ohun tí ẹnì kan lè kọ́ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Láti oṣù Kìíní ọdún 2007 ni òfin ti pàṣẹ pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 4, ó kéré tán, lọ́dọọdún. Ẹni tó bá kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gbé àṣẹ́kù rẹ̀ wọ ọdún tó tẹ̀ lé e; ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ, wọn kò lè tún un yàn. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí ibí yìí: ìpinnu tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ́wọ́ sí kò tìtorí àìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di asán, àwọn aṣòfin ìlú sì lè yọ̀ǹda ẹ̀kọ́ náà fún un bí wọ́n bá rí i pé ó ṣe ìlú láǹfààní. Lójú tèmi, àlàfo yìí ti fẹ̀ jù.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n kọ́? Ká ní onílé kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé òun sún mọ́ ààlà ju bí òfin ṣe gbà lọ. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fi àǹfààní tí onílé yóò rí wé ìpalára tó lè bá àdúgbò, kí wọ́n sì gbé ìbéèrè 5 yẹ̀ wò: ṣé ìrísí àdúgbò yóò bàjẹ́, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí onílé lè gbà rí ohun tó ń fẹ́, ṣé ohun tó ń tọrọ pọ̀ jù, ṣé yóò pa àyíká lára, ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fa ìṣòro náà? Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá olùbẹ̀bẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni, tàbí bóyá àwọn aládùúgbò pariwo. Ìgbìmọ̀ tí kò bá kọ ìdí ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀rí kò sì gbè é lẹ́yìn, lè rí i kí ilé ẹjọ́ fagi lé e.

Ní Kentucky, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, láàárín ọjọ́ 120 tí wọ́n bá yan ẹni tuntun, ó ti gbọ́dọ̀ kọ́ wákàtí 4 àkọ́kọ́, yóò sì máa kọ́ wákàtí 8 láàárín ọdún méjì-méjì. Ìyẹn ni mo fara mọ́ jù, nítorí ní New York, ẹni tí wọ́n yàn láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ṣì lè dìbò lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn kó tó gbọ́ àlàyé ìbéèrè 5 wọ̀nyí rárá.