LPN tàbí OTA: Èwo Ló Bá Yín Mu Nínú Iṣẹ́ Ìlera ní Amẹ́ríkà?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ ìlera tí ẹ lè wọ̀ ní Amẹ́ríkà láìlo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ nípa LPN àti OTA. LPN (licensed practical nurse) ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ RN (registered nurse), ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, tàbí lábẹ́ dókítà. Ní California àti Texas, LVN ni wọ́n ń pè é. OTA (occupational therapy assistant) ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ OT (occupational therapist), ó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe padà máa wẹ̀, máa wọṣọ, máa jẹun fúnra rẹ̀.

Èwo ló yá jù? LPN ni. Nǹkan bí ọdún kan ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, NCLEX-PN, ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, ló kàn. OTA máa ń gbà tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn gan-an, kí ẹ tó ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí ti àjọ NBCOT. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i dájú pé ACOTE, àjọ tó ń yẹ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò, fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ OTA náà kí ẹ tó sanwó. Láìsí ìyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ jókòó ṣe ìdánwò.

Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí ẹ má torí pé ó yá yan iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ yín yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá àgbàlagbà kan tí rọpárọsẹ̀ mú, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti rọ. LPN wọlé, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó gún un níka láti mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó fún un lóògùn, ó pààrọ̀ báńdéèjì egbò rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó di yàrá kejì. Àwọn mìíràn ń retí rẹ̀. Bí ara ìyá yẹn bá yí padà lóru, LPN ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rí i.

OTA wọlé, ó jókòó tì í, ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì lé e nítan. Ó ní, “Ọwọ́ tó rọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì bọ apá aṣọ, Mà. Ẹ fà á dé èjìká, kí ọwọ́ tó le tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, ọwọ́ tó le ni yóò kọ́kọ́ jáde.” Bọ́tìnnì mẹ́ta lè gba ìṣẹ́jú 20, OTA kò sì ní sáré gbà á ṣe. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, iṣẹ́ yẹn á sú u.

Ní ti owó, lọ́dún 2023, iye tó wà láàárín fún LPN tó nǹkan bí $60,000 lọ́dún, ti OTA tó $67,000. Àmọ́ iṣẹ́ LPN pọ̀ ju ti OTA lọ fíìfíì, pàápàá ní ìlú kéékèèké. Òru àti òpin ọ̀sẹ̀ wọ́pọ̀ fún LPN. Ojúmọmọ ni OTA sábà máa ń ṣe.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í sábà rò tẹ́lẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ náà ń gbé wọn lọ. Láti LPN, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà àbùjá sí RN. Láti OTA sí OT, ó kéré tán ẹ gbọ́dọ̀ gba oyè másítà.

Àwọn ilé ìtọ́jú kan máa ń gbà kí èèyàn tẹ̀lé òṣìṣẹ́ wọn fún ọjọ́ kan. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ méjèèjì kí ẹ tó kọ orúkọ yín síbikíbi.