Bí a ṣe ń yẹ omi abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà wò nínú adágún

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀bá adágún kékeré kan tí a sé fún màlúù àti oko ní agbègbè Kétu ni mo wà, àwọn pánẹ́ẹ̀lì sólà tó léfòó lẹ́yìn mi ni ó sì ń fa omi lọ sínú oko. Lórí ilẹ̀ tí kànga ti máa ń jìn kí ó tó kan omi yìí, a mọ iyì òjìji tí kò jẹ́ kí oòrùn àti ọyẹ́ fa omi gbẹ. Ohun tí òjìji ọ̀hún ń ṣe sí omi fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ gé páànù roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ kun ún ní dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ẹ so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí okùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ létí pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà níbi tí omi ti ṣí sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ojú yín ti pàdánù rẹ̀ sílẹ̀. Bí ti etí pánẹ́ẹ̀lì bá jìn ju ti ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé ti dínkù, nítorí pé wọn kò rí ìmọ́lẹ̀ tó.

Ẹ má tíì yọ̀. Àwọn ewé yẹn kan náà ló ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án, pánẹ́ẹ̀lì sì tún ń dí afẹ́fẹ́ tó ń ru omi lójú. Nítorí náà, ẹ yá ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, nítorí pé gbogbo ohun abẹ̀mí inú omi ti mí lórí ọ́síjìn náà láti alẹ́ láìsí èyí tó ń pèsè òmíràn. Èmi náà ti wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nìkan rí, iye tí mo rí dára púpọ̀. Apẹja kan ló pè mí láàárọ̀ kùtù pé kí n wá wo ẹja tó ń yọ ẹnu sókè omi.

Bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n 30 Celsius, nǹkan bíi mílígíráàmù 7.5 nínú lítà kan ni ọ́síjìn tí ó lè gbà láti inú afẹ́fẹ́. Bí iye yín bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 5, ara ò lè tu ẹja mọ́. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á tú irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó dì mọ́ra sínú omi, mìtéènì, ọ̀kan nínú àwọn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, náà á sì máa jáde. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fi pánẹ́ẹ̀lì tó léfòó bo ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ojú àwọn adágún kéékèèké kan, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná tó ń jáde níbẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Kí ẹ tó lé pánẹ́ẹ̀lì kankan sórí omi, ẹ ti wọn ọ́síjìn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mélòó kan, nínú òjò àti nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ìjìnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan.