Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Múra Ìrìn Àjò Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Sísùn Nínú Àgọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ ológeere méjì tó wà lẹ́yìn mi yìí. Èmi ni mo ni aláwọ̀ ewé, ọkọ mi ló ni dúdú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gùn wọ́n rìnrìn àjò, tí a ń pàgọ́ síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí. Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń múra hàn yín, láti orí ìwé títí dórí èèkàn àgọ́.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ẹ jókòó ná, kí oníkálukú mú ìwé àti gègé tirẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ láìwo ti ara yín: kìlómítà mélòó ni kí a máa rìn lójúmọ́? Aago mélòó ni kí a máa dúró? Ṣé dandan ni kí a máa wẹ̀ lálaalẹ́? Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa ṣe é, 90 kìlómítà ni ọkọ mi kọ, èmi kọ 50. Ká ní a ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni, inú oòrùn, lórí ebi, la ò bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ò dọ́gba.

50 la mú. Ẹsẹ̀ ẹni tí kò yára ni a fi ń wọn ọ̀nà ẹni méjì. Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú fídíò yìí, ẹ rántí ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù kì í sáré bíi ti òfìfo. Kìlómítà 12 sí 16 ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ wa ń rìn, tí ẹ bá sì ro oúnjẹ, ìsinmi àti táyà tó lè jò mọ́ ọn, 50 ti tó iṣẹ́ òòjọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì wo gígùn ọ̀nà nìkan lórí máàpù. Ẹ wo òkè. Kìlómítà 40 tó ní òkè púpọ̀ lè tán yín lókun ju 70 tó tẹ́jú lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi odidi ọjọ́ kan sinmi. A kì í bá ara wa jà lórí ọjọ́ ìsinmi mọ́, torí pé ó ti wà nínú ìwé kí a tó kúrò nílé.

Ó yá, ẹrù. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń pín in sí méjì ọgbọọgba, àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹta, omi lé sí mi lójú ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan. Ọkọ mi á ti gun òkè dórí, wọ́n á dúró dè mí, wọ́n á mu omi, ara wọn á silé. Bí mo bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, wọ́n á ní, “Ó yá, ká máa lọ.” Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó rẹ̀ jù ni kò sinmi rárá. Àtìgbà náà la ti fi òfin méjì lélẹ̀. Àkọ́kọ́, ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, ẹrù la fi ń mú ẹsẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó lágbára ni yóò gbé àgọ́, sítóòfù àti irinṣẹ́. Èmi gbé àpò ìsùn àti aṣọ, tí wọ́n tóbi lójú ṣùgbọ́n tí wọn ò wúwo. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Ti ọkọ mi máa ń tó kílò 18, tèmi 11. Bí ẹ bá tún rí i lójú ọ̀nà pé ẹnì kan ṣì ń dá wà lẹ́yìn, ẹ dúró, kí ẹ sún nǹkan kan kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n gbé kẹ̀kẹ́ tèmi súnmọ́ kámẹ́rà, kí ẹ lè rí bí a ṣe ń dì í. Ohun tó wúwo máa wà nísàlẹ̀, kó súnmọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Àpò ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà. Bí ẹ bá ní kárià, ìyẹn irin tí a ń gbé ẹrù lé, níwájú pẹ̀lú, ẹ má kó gbogbo ẹrù sẹ́yìn. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lè lọ síwájú. Tí ẹ bá dì í tán, ẹ di ìjókòó mú, ẹ mi kẹ̀kẹ́ báyìí. Bó bá ń gbọ̀n nílẹ̀ títẹ́jú, yóò gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ má gbàgbé omi o: lítà kan, kílò kan ni.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tó bá ṣeé ṣe, kí táyà yín méjèèjì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹnu fáàfù sì bára mu. Páǹpù kan àti túúbù méjì á tó yín nígbà náà. Àwa tún gbé ohun ìlẹ̀ túúbù, kọ́kọ́rọ́ Allen, ìyẹn irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú bóòtù, ti mìlímítà 4, 5 àti 6, irin tí a fi ń tú ṣéènì, àti sípóòkù díẹ̀, ìyẹn àwọn wáyà tín-ín-rín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, torí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ru ìyà ẹrù. Ẹsẹ̀ tó ní sípóòkù 36 ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ mọ bí a ṣe ń lẹ túúbù. Kí ó má jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan.

Àgọ́ ẹni méjì a máa há tí àpò bá wọlé. Tí ìwọ̀n bá gbà yín láyè, ẹ ra ti ẹni mẹ́ta, ṣùgbọ́n kó fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ yìí kì í ṣe tòní. Thomas Hiram Holding, aránṣọ ará Ìlú Ọba tó kó àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ pàgọ́ jọ di ẹgbẹ́ ní 1901, òun náà ò fẹ́ àgọ́ tó wúwo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ẹ máa sùn ní nǹkan bí wákàtí méjì kí oòrùn tó wọ̀. Bí ilẹ̀ náà bá lẹ́ni tó ni ín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má pàgọ́ sí ojú àgbàrá, bó ti wù kó gbẹ tó, ẹ má sì pa á sábẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Bí ọkọ mi bá ń kan èèkàn, èmi á ti máa dáná, a ò ní bi ara wa léèrè.

Ìta ni kí ẹ ti dáná. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Bí òjò ń rọ̀, bí òtútù ń mú, ẹ má tan sítóòfù nínú àgọ́. Èéfín olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò lóòórùn, ojú kì í rí i, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ ìdáná eléèédú tí iná rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí ẹ̀yinná rẹ̀ ṣì ń pọ́n náà ń tú u jáde, ẹ má ṣe gbé e wọlé nítorí ìgbóná. Ẹ ṣí fèrèsé àgọ́ díẹ̀ pẹ̀lú, torí èémí ẹni méjì ló ń di omi sára aṣọ àgọ́ lóru.

Kí ẹ tó lọ ìrìn àjò gidi, ẹ lọ sùn fún òru kan péré níbi tí kò jìnnà, pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Bí ẹ bá padà dé, ẹ tú gbogbo àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ pín in sí òkìtì mẹ́ta: ohun tí ẹ lò léraléra, ohun tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ẹ ò fọwọ́ kàn rárá. Òkìtì kẹta yẹn, ilé ni kó wà, àyàfi aṣọ òjò, ohun ìlẹ̀ túúbù àti àpò oògùn.